Gìrì Mú Ọmọ Mi Lẹ́ẹ̀mejì: Ṣé Wárápá Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọkùnrin mi ti pé oṣù 14. Nígbà tó wà ní oṣù 11, ara rẹ̀ gbóná lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́, gìrì mú un. Àwọn ará ilé ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ìyá ọkọ mi sì fún un ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó tún mú un lẹ́ẹ̀kejì, ara rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, kò sì ju ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta lọ. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní ibà ni, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ sì ti yá. Ṣùgbọ́n oníkẹ́míìsì àdúgbò wa ti fún mi ní oògùn kan tó ní kí ó máa lò lójoojúmọ́ kí gìrì má baà padà wá, àwọn aládùúgbò sì ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé wárápá ló ń bọ̀. Ohun mìíràn tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tí mo bí i, wọ́n sì fi í sábẹ́ iná fún ọjọ́ mẹ́ta. Títí di òní kò tíì rìn, ó kàn ń di àga mú dìde ni. Ṣé ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ ni? Ṣé kí n má gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó kù fún un mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ìpayà. Kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lójú mi, kí n tó máa ṣàlàyé rẹ̀. Pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ, gìrì ibà ni mo gbà pé ó mú ọmọ yín, àwọn tó sì ti ń pè é ní oníwárápá ti sáré ju ọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ oṣù 14 tó ń di àga mú dìde kò tíì pẹ́ láti rìn. Mi ò tíì fojú kan ọmọ náà, mi ò sì tíì fọwọ́ kàn án, nítorí náà ẹ gbé ọ̀rọ̀ mi yìí lọ bá dókítà tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó kọ mí lóminú jù nínú lẹ́tà yín ni àgbo ìtọ̀ màlúù àti oògùn ojoojúmọ́ yẹn, ju gìrì fúnra rẹ̀ lọ, màá sì pẹ́ díẹ̀ lórí wọn.

Iná kékeré kan tó ń gba inú iṣan kọjá létòlétò ni ọpọlọ fi ń bá ara sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú iná yìí bá tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìsí ètò, ara á le gbandi, á sì máa gbọ̀n, òun náà sì ni à ń pè ní gìrì lára ọmọdé. Ọpọlọ ọmọ kékeré kò tíì gbó, ìdí nìyẹn tí ara gbígbóná fi máa ń tètè da ètò yìí rú, pàápàá láti oṣù 6 títí di ọdún 5. Nínú ọmọ 100, ó ń mú bíi 2 sí 5. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ máa ń mú gbogbo ara, kì í ṣe apá kan nìkan. Kì í pé ìṣẹ́jú 15, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í tilẹ̀ ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Kì í padà wá láàárín wákàtí 24. Bí ó bá sì ti lọ tán, ọmọ á sùn díẹ̀, á jí, á sì mọ ìyá rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀, irú èyí ni tọmọ yín. Ó tún máa ń rìn nínú ẹbí. Ẹ rọra bi ìyá ọkọ yín léèrè bóyá gìrì mú bàbá ọmọ yín rí nígbà tó wà ní kékeré. Mi ò ní ṣe háà bí wọ́n bá rántí.

Pé ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì kò sọ ọ́ di wárápá. Nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́ta tí gìrì ibà bá mú ni yóò tún mú lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó pé ọdún 5, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ jù fún àwọn tó kọ́kọ́ mú kí wọ́n tó pé oṣù 18, bíi ti ọmọ yín. Ohun tí àwa oníṣègùn ń pè ní wárápá ni kí gìrì máa mú ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ara rẹ̀ tutù, tí kò sí ibà, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lọ sílẹ̀, tí kò sì forí gbá nǹkan. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ láti Ìbàdàn wádìí wárápá láàárín àwọn ará Ìgbò-Ọrà, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1987 fi hàn pé bíi ènìyàn 5 nínú 1,000 ló ní in. Ẹ fi iye yẹn wé ti gìrì ibà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí gìrì ibà ń mú kì í dé ibẹ̀ rárá. Bíi ọmọ kan tàbí méjì nínú 100 tí irú gìrì ibà yìí bá mú ló máa ń ní wárápá nígbẹ̀yìn, iye yìí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti àwọn ọmọ tí gìrì kò mú rí lọ.

Ní ti ọpọlọ rẹ̀, wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ní oṣù Kẹrin ọdún 1970, iye wọn lé ní 14,000. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 10, wọ́n dán ọgbọ́n orí, ìwé kíkà àti ìwà wọn wò, àwọn tí gìrì ibà ti mú rí kò sì rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé gìrì ti ba orí ọmọ yín jẹ́. Kí n sì fi èyí kún un, nítorí mo mọ bí ó ṣe ń rí ládùúgbò: itọ́ tó ń hó lẹ́nu ẹni tí gìrì tàbí wárápá mú kì í ran ẹlòmíràn. Kò sí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, tàbí tí àwọn ọmọ mìíràn kò fi ní bá a ṣeré.

Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ ó rí ni pé ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ ranjú sí ọ̀kánkán, kò ní dáhùn orúkọ rẹ̀, eyín rẹ̀ á pa pọ̀, ètè rẹ̀ lè dúdú, lẹ́yìn náà ni apá àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó lè tọ̀ sára. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ẹní tàbí aṣọ, ní ibi tó jìnnà sí àdògán àti sítóòfù, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ àti èébì lè máa ṣàn jáde, ẹ tú ohun tó bá fún un lọ́rùn, kí ẹ sì wo aago. Ìṣẹ́jú kan máa ń dà bí wákàtí kan lójú ìyá, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wo aago dípò kí ẹ fojú bù ú. Bí ẹlòmíràn bá wà nítòsí, kí ó fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Fídíò ààbọ̀ ìṣẹ́jú ń là wá lójú ju ìròyìn wákàtí kan lọ, nítorí àwa dókítà kì í sábà bá gìrì lára ọmọ nígbà tí wọ́n bá gbé e dé. Ẹ má ṣe dì í mọ́lẹ̀, ẹ má da omi lé e lórí, ẹ má sì fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà ṣe ṣíbí, ìka, omi tàbí oògùn. Ọmọ lè bu ahọ́n jẹ, ahọ́n á sì san. Ṣùgbọ́n kò lè gbé e mì. Eyín tí ṣíbí bá ṣẹ́ lè bọ́ sínú ọ̀nà èémí, ìyẹn sì lè pa á.

Bí ó bá lé ní ìṣẹ́jú 5, tàbí bí ó bá dáwọ́ dúró tí ó tún bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó jí, ẹ máa gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní oògùn tí wọ́n lè fi sí i ní ìdí tàbí lára iṣan tó ń dá gìrì dúró. Ẹ má ṣe pọ̀n ọ́n gun ọ̀kadà. Bí ọ̀kadà nìkan ni ẹ bá rí, kí ẹ gbé e síwájú ní ìdábùú, kí ojú rẹ̀ máa wo ẹ̀gbẹ́, kí ẹ lè máa rí bí ó ṣe ń mí.

Àgbo ìtọ̀ màlúù ló kàn. Láti bí ọdún 1970 síwájú ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń yẹ àgbo yìí wò. Kì í ṣe ìtọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀: wọ́n máa ń rẹ ewé tábà, aáyù, efinrin, àlùbọ́sà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ sínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èròjà inú tábà kò ṣeé fún ọmọdé rárá, ó ń mú kí èémí rẹ̀ falẹ̀. Àgbo náà sì máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wá sílẹ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ tún lè fa gìrì fúnra rẹ̀, bí a kò bá sì tètè gbé e sókè, ó lè ba ọpọlọ jẹ́. Mo ti rí ọmọ tó yẹ kó jí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tó wá sùn ju ọjọ́ kan lọ lẹ́yìn àgbo yìí, àwọn mìíràn kò sì jí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àdín tí wọ́n ń rọ sí ọmọ lẹ́nu nígbà tí kò mọ ara rẹ̀ máa ń gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná, kí wọ́n fi ata sí i lójú, kí wọ́n sín in ní gbẹ́rẹ́, gbogbo ìwọ̀nyí ń fi ọgbẹ́ kún àìsàn ni.

Mi ò ní kí ẹ bá ìyá ọkọ yín jà. Ìfẹ́ ọmọ ló sún wọn ṣe é, wọ́n sì gbà tọkàntọkàn pé ó ń ṣiṣẹ́, nítorí ojú wọn ni gìrì ṣe dúró lẹ́yìn tí wọ́n rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Gìrì ibà máa ń dúró fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun yòówù tí a bá sì ṣe kẹ́yìn kó tó dúró ni yóò gba ọpẹ́. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ pe àwọn àgbà ilé jókòó nígbà tí ara ọmọ bá dá, kí ẹ ṣàlàyé fún wọn, kí ẹ sì fún wọn ní iṣẹ́ ṣe: kí ẹni kan máa wo aago, kí ẹni kan máa wá ọkọ̀. Àgbà tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ráyè wá àgbo.

Ṣé ẹ rí i, gìrì kì í ṣe àìsàn tó dá dúró. Ohun tó mú ara ọmọ gbóná ló yẹ ká lé bá. Ẹ ní wọ́n sọ nílé ìwòsàn pé ibà ni. Ṣé wọ́n gún un níka kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀? Ibà ẹ̀fọn tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa lè wọ ọpọlọ lọ. Àmì rẹ̀ ni pé ọmọ kò ní jí dáadáa lẹ́yìn gìrì, yóò máa sùn fọnfọn tí a bá tilẹ̀ fún un lára. Ọmọ tí kò bá tíì mọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan ti kúrò ní ọ̀ràn gìrì ibà lásán, wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá sì tún kọjá ń jẹ nínú àǹfààní rẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, àrùn yírùnyírùn wà, èyí tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ, tí àwọn mìíràn ń pè ní lọ́rùnlọ́rùn. Lára àgbàlagbà, ọrùn máa ń le; lára ọmọ ọwọ́, ọrùn lè má le rárá. Ohun tí ẹ ó rí ni pé kò fẹ́ gba ọmú mọ́, ó ń ké lọ́nà tí kò ké rí, ó ń ké sí i nígbà tí ẹ bá gbé e mọ́ra dípò kí ó dákẹ́, àwújẹ̀ rẹ̀ sì lè wú sókè nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 tí ara rẹ̀ gbóná tí gìrì sì mú, a kì í pè é ní gìrì ibà; a máa ń kà á sí yírùnyírùn títí tí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kì í ṣe òun.

Àyẹ̀wò ọ̀hún ni fífa omi ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ òbí sì máa ń kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mi ni pé ọmọ tí wọ́n fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ kì í rìn mọ́, tàbí pé ó máa ń kú. Ibi tí abẹ́rẹ́ náà ń gbà wọlé wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ó rẹlẹ̀ ju ibi tí okùn ọpọlọ parí sí lọ, díẹ̀ péré ni omi tí wọ́n ń fà, ara á sì pèsè òmíràn dípò rẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Àwọn ọmọ tó kú lẹ́yìn rẹ̀, àrùn ló pa wọ́n, nítorí pé ó ti pẹ́ kí wọ́n tó gbà kí a fà á. Bí dókítà bá bi yín lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà.

Oògùn ojoojúmọ́ tí oníkẹ́míìsì fún yín, mo fẹ́ kí ẹ wo orúkọ tó wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ phenobarbital, òun ni wọ́n sábà máa ń tà fún irú èyí. Ó wúlò fún wárápá tòótọ́ lábẹ́ àbójútó dókítà, ṣùgbọ́n a kì í fún ọmọ tí gìrì ibà lásán mú ní oògùn ojoojúmọ́ mọ́, nítorí pé ó ń mú ọmọ tòògbé tàbí kí ó máa ṣe wàhálà láìsinmi, ó sì lè fa ẹ̀kọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí ohun tí à ń sá fún kì í ba ọmọ jẹ́. Bí ẹ kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì, nítorí dídá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró lójijì lè fa gìrì fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e lọ han dókítà kí ó sọ bí ẹ óò ṣe máa dín in kù. Parasitamọ́ọ̀lù dára láti mú kí ara tu ọmọ, ní ìwọ̀n tó bá ìwúwo rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rí pé ó ń dènà gìrì. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà máa dá ara yín lẹ́bi pé ẹ kò tètè fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ ojú pípọ́n àti ìrìn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun bá ń fọ́ ju bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe lè gbé e dànù lọ, èròjà kan tó pupa rúsúrúsú á máa kó jọ sí i lára, ojú àti awọ á sì pọ́n. Jọ́ńdíìsì ni à ń pè é. Bí èròjà yìí bá pọ̀ jù, ó lè wọ ọpọlọ, ibi tó máa ń bàjẹ́ níbẹ̀ ni èyí tó ń darí bí ara ṣe ń yí àti bí etí ṣe ń gbọ́ràn. Ní ilẹ̀ wa, ó wà lára ohun tó máa ń sọ ọmọ di aláìlèrìn jù, òun àti àìtètè ké nígbà ìbí. Iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ọmọ yín sábẹ́ rẹ̀ ni oògùn rẹ̀: ó ń yí èròjà náà padà kí ara lè tú u jáde. Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́ta abẹ́ iná tó ń bà yín lẹ́rù yẹn gan-an ló jọ pé ó gba ọmọ yín là. Ọmọ tí jọ́ńdíìsì ti wọ ọpọlọ rẹ̀ kì í ṣòro dá mọ̀: kò ní gba ọmú mọ́, igbe rẹ̀ á máa dún ṣóńṣó, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì tẹ̀ kọdọrọ sẹ́yìn. Bí wọ́n kò bá sọ irú èyí fún yín nígbà náà, ẹ fọkàn balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé bíi ọkùnrin kan nínú márùn-ún lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè fọ́. Káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ ọmọ jẹ́ ohun tó lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Tí ẹ bá tún bímọ, ẹ má ṣe gbé aṣọ tó ti wà nínú káńfọ̀ wọ̀ ọ́, ẹ má sì gbà kí wọ́n fi oòrùn òwúrọ̀ rọ́pò ilé ìwòsàn. Àwọn oníṣègùn dán oòrùn wò ní Èkó, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, ṣùgbọ́n abẹ́ ìbòrí pàtàkì tó ń sẹ́ ìtànṣán tó léwu kúrò ni wọ́n fi àwọn ọmọ sí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí nọ́ọ̀sì sì ń ṣọ́ ìgbóná ara wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́nu ọ̀nà àbájáde kò jọ ọ́ rárá.

Ní ti ìrìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé wo àwọn ọmọ tó ń dàgbà dáadáa ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, Gánà wà lára wọn. Àwọn ọmọ náà dá jókòó láàárín oṣù 4 sí oṣù 9, wọ́n di nǹkan mú dúró láàárín oṣù 5 sí bíi oṣù 11, wọ́n sì dá rìn láàárín oṣù 8 sí nǹkan bí oṣù 18. Ẹ rí i pé ọmọ yín ṣì wà láàárín rẹ̀. Ohun tí mo máa ń bi ìyá ọmọ léèrè ju ọjọ́ orí lọ ni bí ọmọ náà ṣe ń ṣe é. Ṣé ọwọ́ méjèèjì ló fi ń mú nǹkan? Ọmọ tó ti ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo kó tó pé ọdún kan kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì tàbí ọlọ́wọ́ ọ̀tún lásán, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ kejì lẹ́. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń là wẹ́rẹ́ bí ẹ bá fẹ́ pọ̀n ọ́n? Àwọn ìyá wa kì í ka èyí sí nǹkan, àmọ́ ọmọ tí a kò rí pọ̀n nítorí pé itan rẹ̀ le, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń kọjá lórí ara wọn bí ẹ bá gbé e nàró, ọmọ tó yẹ kí dókítà tètè rí ni. Bákan náà ni ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì dúró nígbà tó pé oṣù 4, èyí tí orí rẹ̀ ń yára tóbi tí ojú rẹ̀ sì ń wo ìsàlẹ̀ ṣáá, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọmọ tó ti ń ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ tí kò wá ṣe é mọ́.

Kí n yà díẹ̀ nítorí àwọn ìyá ọmọ kékeré tó ń ka èyí. Gìrì kan wà tí kò jọ gìrì, a sì máa ń pàdánù àkókò lórí rẹ̀ gan-an. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 3 sí oṣù 12. Ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, orí rẹ̀ á kàn tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń kí àgbà, apá rẹ̀ méjèèjì á ná síta, orúnkún á ká, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì á dẹ̀. Á tún ṣe é, á tún ṣe é, nígbà mìíràn tó ogún léra wọn. Wọ́n á ní inú ló ń run ún, tàbí pé ó ń ta gìrì. Ta-gìrì ọmọ tuntun máa ń tẹ̀lé ariwo tàbí ìfarakàn, ó sì máa ń lọ kí ọmọ tó pé oṣù 6. Èyí kò nílò ariwo, ẹ̀yìn oorun ló ń wá, ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William James West, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1841, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì rí oògùn kankan fún un. Ní báyìí oògùn wà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya fídíò rẹ̀, kí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọmọdé láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ní òdìkejì, ọmọ tó sunkún títí tó fi dákú tí ètè rẹ̀ sì dúdú, lẹ́yìn tí ẹnìkan gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí tó ṣubú, sábà máa ń jẹ́ pé ó se èémí mọ́nú ni; ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí àìtó èròjà irin lára máa ń dá kún un.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé. Òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ lè mú ara gbóná, ara gbígbóná yẹn sì lè fa gìrì fún ọmọ tó bá ti ní in lára, ṣùgbọ́n kì í fa wárápá. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà méjì nínú àwọn kòkòrò tó ń fa yírùnyírùn ti wọ ètò àjẹsára Nàìjíríà, èkíní láti ọdún 2012, èkejì láti ọdún 2014, a sì ń fún ọmọ ní méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 lẹ́yìn ìbí. Èyí tó kàn fún ọmọ yín ni abẹ́rẹ́ èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì ní oṣù 15. Ìgbóná tirẹ̀ kì í wá lọ́jọ́ tí wọ́n gún un, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ẹ ṣọ́ ọ ní àkókò yẹn, ẹ fún un ní omi àti ọmú dáadáa, ẹ má sì bò ó ní aṣọ púpọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tí oníṣègùn ọmọdé wà, pẹ̀lú káàdì ìbí rẹ̀, káàdì àjẹsára àti oògùn oníkẹ́míìsì yẹn. Ẹ sọ bí ìbí rẹ̀ ṣe rí, bóyá ó ké lójú ẹsẹ̀, ẹ sì sọ nípa àgbo náà láìtijú. Kí wọ́n wọn orí rẹ̀, kí wọ́n wo bí ó ṣe ń dìde, kí wọ́n sì yẹ etí rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò EEG, èyí tó ń wo bí iná inú ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, tàbí àwòrán ọpọlọ, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó náwó, nítorí gìrì ibà irú ti ọmọ yín kì í nílò wọn bí ọmọ náà bá ti padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n bí gìrì bá mú un nígbà tí ara rẹ̀ tutù, bí ó bá mú ẹ̀gbẹ́ kan nìkan, tàbí bí ó bá pé oṣù 18 tí kò tíì dá rìn, ẹ padà lọ láìdúró de ìpè ẹnikẹ́ni.